Ẹ Má Kánjú Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yín

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé kí ni ọwọ́ mi ṣe jù láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mi ò ní í sọ pé abẹ́rẹ́ ni mo gún jù, tàbí pé egbò ni mo wẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀dì ni mo tẹ́ jù. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, bẹ́ẹ̀dì 28 ló wà níbẹ̀, àwa méjì la sì ń tẹ́ gbogbo rẹ̀ láràárọ̀ kí àwọn dókítà tó dé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀dì náà ni ojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ó ti mọ́ mi lára ni.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí yàrá tirẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa aṣọ ìbora dé orí, ó to ìrọ̀rí méjì sí i. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì mi o." Mo pè é. Mo ní, "Káàárọ̀, ọkọ mi. Ó dára lójú. Ìgbà wo lo jí?" Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni, mà." Mo ní, "Ó yá, lọ ṣí i sílẹ̀ padà." Ó dákẹ́. Ó rò pé mo ń bá òun ṣeré.

Mi ò bá a ṣeré. Àlàyé tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, mo sì fi àwọn èyí tí mi ò ráyè sọ lórí fóònù kún un. Bó ti wù kó gùn tó, ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: kó gbẹ kí ẹ tó bò ó, kí abẹ́ le, kí òkè dẹ̀.

Kó kọ́kọ́ gbẹ

Bí a bá ń sùn, ara wa ò sinmi. À ń mí, à ń làágùn, omi tó ń ti ara wa jáde sì ń wọ inú ṣíìtì, inú ìrọ̀rí àti inú fóòmù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ẹ bá dìde lọ́la, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora lójú ẹsẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn yín wà. Ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn kó tó gbẹ tán. Bí ẹ bá wá fa aṣọ bo ibẹ̀, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, inú ọ̀rinrin yẹn lẹ máa padà wọ̀ lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Florence Nightingale, tí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì ń pè ní ìyá, ti kọ ọ́ láti 1859 pé omi tó ń gba èémí àti awọ ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jáde láàárín wákàtí 24 kò dín ní páìnì mẹ́ta, èyí tó ju lítà kan àbọ̀ lọ. Ó wá béèrè pé ibo ni omi náà ń gbà lọ, òun náà ló sì dáhùn pé inú aṣọ ibùsùn ni èyí tó pọ̀ jù ń wọ̀. Ọdún kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ka èyí fún wa, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ rí.

Ohun kan tún wà tó fẹ́ràn ọ̀rinrin yẹn, òun ni kòkòrò inú eruku. Ojú lásán kò rí i, nítorí gígùn rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta mílímítà kan. Kì í gé ni jẹ. Èèpá ara wa tó ń já sórí bẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń mú kí àwọn kan máa sín láràárọ̀, òun ló tún ń ru àsímà sókè lára ẹni tó bá ní in. Kòkòrò yìí kì í mu omi bí ẹranko yòókù ṣe ń mu ún. Inú afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin ló ti ń fa omi sára, nítorí náà bí ibi tó wà bá gbẹ, omi ara rẹ̀ á tán, yóò kú. Ní 2005, Stephen Pretlove àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kingston University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ pé bẹ́ẹ̀dì tí a fi sílẹ̀ láìtẹ́ lè gbẹ dé ibi tí kòkòrò náà kò ti ní í rí omi fà mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ ọ́ di àwáwí láti máa fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní rúdurùdu títí di alẹ́. Kò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Bí mo bá ti dìde, mo máa ń ká aṣọ ìbora sẹ́yìn títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, màá gbé e sórí àga tí mo fi síbẹ̀, kó má baà kan ilẹ̀. Màá gbé ìrọ̀rí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Màá ṣí fèrèsé. Màá wá lọ wẹ̀, màá jẹun, màá múra. Títẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń kẹ́yìn kí n tó jáde nínú yàrá. Ìdajì wákàtí kò burú, wákàtí kan ló dára jù. Bí òjò bá ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ìta pàápàá tutù, mo máa ń ti fèrèsé, màá tan fáànù sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń kọ́ni pé kí ènìyàn tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó ṣe ohunkóhun. William McRaven, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè ní University of Texas lóṣù karùn-ún 2014, pé bí wọ́n bá fẹ́ tún ayé ṣe, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ iṣẹ́ ogun, àwọn olùkọ́ máa ń wá yẹ bẹ́ẹ̀dì wò láràárọ̀: igun gbọ́dọ̀ gún, aṣọ gbọ́dọ̀ le, ìrọ̀rí gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn. Mo bọ̀wọ̀ fún un, gbogbo ohun tó sọ nípa igun àti aṣọ tó le ni mo sì gbà. Iwájú olùkọ́ ni bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ti ń jẹ́rìí. Abẹ́ awọ ara ènìyàn ni tèmi ti ń jẹ́rìí, awọ ara kò sì bìkítà bóyá aago mẹ́fà la tẹ́ ẹ tàbí aago mẹ́jọ.

Ẹ wo fóòmù kí ẹ tó bò ó

Èyí kò gba àkókò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa pààrọ̀ ṣíìtì, ẹ gbé etí fóòmù sókè, ẹ fi ojú tọ ojú rírán rẹ̀ lọ yí ká, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níhà orí. Ibẹ̀ ni ìdun ń fara pamọ́ sí. Ìdun tó ti dàgbà máa ń gùn tó bíi mílímítà 5 sí 7, ó pẹlẹbẹ, ó pọ́n bí irin tó dípẹtà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀, ẹ ó ti rí ìgbẹ́ rẹ̀: àmì dúdú tóótòòtó bí ìgbà tí gègé ìkọ̀wé kan aṣọ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bí ó bá fà bí íǹkì, ìdun ni. Ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa máa ń rí i nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tó ń fa aṣọ bò ó lásán, ọjọ́ tí ara bá ń yún un ni yóò mọ̀, ìdun á sì ti wọ inú ògiri nígbà náà.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yí fóòmù padà kí ibi tí orí wà di ibi tí ẹsẹ̀ wà. Ibi tí ìdí máa ń wà ló ń kọ́kọ́ jìn, bí ẹ kò bá sì yí i, kòtò ni ẹ máa sùn sí.

Abẹ́ kó le

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ ìyọnu tí àwọn ènìyàn ń bá ṣíìtì ṣe, pé ó ń sá kúrò lórí fóòmù lóru, kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ wọn. Ṣíìtì náà ló kéré. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn fóòmù yín. Tèmi fẹ̀ ní ínṣì 54, ó gùn ní ínṣì 75, ó sì nípọn ní ínṣì 10. Aṣọ máa sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ínṣì 20 nìyẹn. Ó sì gbọ́dọ̀ ku ínṣì 6 tó máa wọ abẹ́ fóòmù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ínṣì 12 nìyẹn. Ẹ ro 54 pọ̀ mọ́ 20 àti 12, ó di 86. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gígùn rẹ̀, ó di 107. Ṣíìtì tó bá kéré sí èyí lórí fóòmù bíi tèmi, kò sí bí ẹ ṣe lè fà á tó, yóò bọ́ kó tó di òru. Bí ṣíìtì yín bá jẹ́ èyí tó ní rọ́bà ní igun, ìpọn fóòmù ni kí ẹ bá a dọ́gba. Igun méjì tó kọjú síra ní ìdábùú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bọ̀ ọ́, ti orí lápá òsì, lẹ́yìn náà ti ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ tó fi àwọn méjì yòókù bọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í jẹ́ kó wọ́.

Mo fẹ́ràn ṣíìtì tí kò ní rọ́bà jù lọ, nítorí mo lè fà á bí mo ṣe fẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ kí ìlà àárín rẹ̀ wà láàárín bẹ́ẹ̀dì, kí ojú tí wọ́n rán etí rẹ̀ sí dojú bolẹ̀. Okùn ìránṣọ kò gbọdọ̀ kan ara. Ẹ máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi parí rẹ̀, orí, ẹ̀gbẹ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ tó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá ń sáré láti igun dé igun, ìrìn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan á di ìlọ́po mẹ́rin. Fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá mọ ìdí tí wọ́n fi fi ìyẹn kọ́ wa.

Igun wá ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ ki èyí tó ṣẹ́kù níhà orí bọ abẹ́ fóòmù. Ẹ̀gbẹ́ ṣíìtì ṣì ń rọ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mú etí rẹ̀ níbi tó jìn sí igun tó ínṣì 12, ẹ gbé e sókè tààrà, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù. Ẹ ó rí i pé ó di onígun mẹ́ta, bí ìdérí àpò lẹ́tà. Èyí tó ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ki í bọ abẹ́ fóòmù dáadáa. Ẹ wá fi ọwọ́ kan tẹ aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóòmù níbi tí ó ti ṣẹ́ po, kó má sún, ẹ fi ọwọ́ kejì fa onígun mẹ́ta yẹn wá sílẹ̀, kí ẹ ki òun náà bọ abẹ́. Ojú ibi tó ṣẹ́ po gbọ́dọ̀ dà bí ìlà tí a fi rúlà fà, tó dúró ní ìdajì igun tó gún, ìyẹn ìwọ̀n 45. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í dára. Ní ìgbà ogún, ọwọ́ yín á máa ṣe é kí ojú yín tó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ má tíì ki nǹkan kan bọ abẹ́. Ẹ di ṣíìtì mú láàárín, kí ẹ̀yìn ọwọ́ yín wà lókè, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ wá fi ìwọ̀n ara yín fà á sẹ́yìn. Ẹ má fi ẹ̀yìn fà á. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yìn ló lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìtẹríba lórí bẹ́ẹ̀dì tó lọ sílẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà ìhà orí ní ìdábùú, lẹ́yìn náà ìhà ẹsẹ̀ ní ìdábùú. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láti àárín lọ sí etí. Ojú lè tan yín jẹ, àtẹ́lẹwọ́ kì í tan ni jẹ.

Èmi mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún kejì mi ní ilé ẹ̀kọ́, bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ìtan wọn ló kán, wọn kò lè yí ara wọn padà. Mo fi ìkánjú tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́jọ́ kan. Mo fa aṣọ òkè, ìyẹn ṣíìtì tí a fi ń bora, ó dán lójú, ṣùgbọ́n ṣíìtì abẹ́ ìdí wọn hunjọ, ó ká mọ́ra bí okùn bàtà. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, sísítà wa ní kí n wá bá òun yí wọn padà. Ó tan iná, ó wo ibi tí egungun ìdí wà. Ìlà kan dá sí awọ ara wọn, ó gùn tó ìka mi. Sísítà fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbé ìka kúrò. Awọ tó bá dá ṣáṣá, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyẹn, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, á sì padà. Èyí kò yí padà rárá. Lára ènìyàn dúdú, ojú kì í tètè rí i, nítorí náà sísítà mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ibẹ̀. Ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì le. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ọwọ́ rẹ gbọ́ ọ?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ní ọjọ́ kẹta, awọ ibẹ̀ bó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wẹ egbò yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbà fún mi. Bàbá kò mọ̀ pé ṣíìtì tí mo tẹ́ ló fà á, èmi náà kò sì ní ìgboyà láti sọ fún wọn títí wọ́n fi lọ ilé. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kankan, ì báà jẹ́ ti ọba, kí n má fi àtẹ́lẹwọ́ wá abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ̀ ń yí padà lóru láìmọ̀, nítorí náà ìhunjọ aṣọ kò ní í dá egbò sí yín lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń yí nítorí pé nǹkan ń gún yín. Ẹni tó ń sọ pé òun kì í rí oorun sùn dáadáa, kó kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀.

Òkè kó dẹ̀

Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fa aṣọ òkè le koko bí ti abẹ́, wọ́n á ki í pinpin sábẹ́ fóòmù níhà ẹsẹ̀. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín ń wo òkè. Aṣọ tó le á máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀. Aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ìwọ̀nba aṣọ bẹ́ẹ̀ lè kún ohun tó ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣubú síwájú, kó má lè gbé e sókè mọ́.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Kí ẹ tó ki aṣọ òkè bọ abẹ́ níhà ẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po ní ìbú bẹ́ẹ̀dì, kí ìṣẹ́po náà ga tó ínṣì mẹ́ta, bí ìgbà tí a ṣẹ́ yẹ̀rì. Ẹ wá ki ìdí rẹ̀ bọ abẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó máa rọ̀ sílẹ̀ lásán. Bí ẹ bá wọlé lálẹ́, ẹsẹ̀ yín á ti ìṣẹ́po yẹn sókè, á sì rí àyè.

Lókè, ẹ yí etí aṣọ òkè bo ojú kúbùsù tó ìwọ̀n ínṣì mẹ́jọ. Aṣọ tó rọ̀ ni yóò máa kan àgbọ̀n yín, kúbùsù tó ń yúnni kò ní í kàn án. Ó tún ń dáàbò bo kúbùsù, nítorí pé aṣọ yìí ni ẹ ó máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo duvet, mo mọ̀ pé fífi àpò rẹ̀ wọ̀ ọ́ ló ń bí yín nínú. Ẹ yí àpò náà sódì, kí inú rẹ̀ di ìta. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì gba ẹnu rẹ̀ wọlé títí ẹ ó fi dé igun méjèèjì tó wà ní ìdí. Ẹ fi ọwọ́ tó wà nínú àpò yẹn gbá igun méjì duvet mú, kí ẹ má jọ̀wọ́ wọn, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Àpò á yí padà fúnra rẹ̀, á sì máa sọ̀kalẹ̀ bo duvet. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀, ẹ fi igun méjì yòókù bọ̀ ọ́, ẹ de bọ́tìnì rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ìrọ̀rí kò ní wàhálà. Ẹ má fi àgbọ̀n di í mú bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ, mo ń rí i tí gbogbo ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Itọ́ àti òógùn ojú yín ni ẹ ń fún un kó tó débi tí ẹ ti máa sùn lé e. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti ibẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹnu àpò rẹ̀ kì í kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé èyí, mo sì ń tẹ̀ lé e nílé mi títí dòní.

Fífọ̀

Ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Bí ẹ bá ń ṣí ṣíìtì kúrò, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Èèpá ara àti eruku tó wà nínú rẹ̀ á fò sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí. Ẹ máa ká a láti etí wá sí àárín, kí ojú tó kan ara wà nínú, ẹ má gbé e mọ́ àyà, ẹ má jù ú sílẹ̀. Inú agbọ̀n ni kó lọ tààrà. Bí ìwé ara rẹ̀ bá gbà á láàyè, ẹ fi omi tó gbóná dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius fọ̀ ọ́. Omi tútù ń fọ ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ kòkòrò inú eruku kúrò, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú kòkòrò náà kì í kú sínú rẹ̀. Kí ó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó ká a sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mẹ́ta ni ṣíìtì mi fún bẹ́ẹ̀dì kan: ọ̀kan lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú agbọ̀n, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹnì kan bá wà lórí rẹ̀

Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan nínú ilé yín kò ní í lè dìde. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ èyí ṣáájú.

Ẹ kó ohun tí ẹ nílò sítòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà fi aláìsàn sílẹ̀ ní etí bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹnìkejì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ sọ fún aláìsàn ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kódà bí ẹ bá rò pé kò gbọ́. Ẹ rọra yí i kó kọjú sí ẹnìkejì yẹn, kí ẹni náà fi ọwọ́ gbá a ní èjìká àti ìbàdí. Ẹ wá tú ṣíìtì àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ ká a ní gígùn títí yóò fi dé ẹ̀yìn aláìsàn. Ẹ tẹ́ tuntun sí àyè tó ṣófo, ẹ ki í bọ abẹ́, ẹ dá igun rẹ̀, kí ẹ ká ìdajì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Òkìtì kékeré kan á wà láàárín báyìí. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ máa gun òkè díẹ̀ o," kí ẹ yí i kọjá sórí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹnìkejì á fa àtijọ́ jáde, á fa tuntun wá, á fà á le bí mo ṣe sọ, á dá igun.

Ẹ lo àǹfààní náà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀: èjìká, egungun ìdí, gìgísẹ̀. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì.

Oṣù mẹ́rin ni ìyá mi fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó kú. Láràárọ̀, bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ti tẹ́ ẹ tán, mo máa ń bi wọ́n pé, "Màámi, ṣé nǹkan kan ń gún yín?" Wọ́n á ní rárá, nítorí wọn kò fẹ́ dà wá láàmú. Mo máa ń ti àtẹ́lẹwọ́ mi bọ abẹ́ wọn síbẹ̀, láti èjìká dé ìdí, láti ìdí dé gìgísẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo rí nǹkan. Ọ̀kan jẹ́ bọ́tìnì tó já lára aṣọ ìwọ̀sùn wọn. Ìkejì jẹ́ ìdérí ìgò oògùn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n láti òru, àwọn ò kàn fẹ́ jí mi ni.